Ẹ Sọ Àléébù Orin Lórúkọ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, òṣèré Yvonne Nelson kó èrò jáde ní Accra nítorí iná mànàmáná tó ti ń lọ tó ń bọ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: dumsor. Twi ni, ‘pa á, tàn án’ ló túmọ̀ sí. Ẹnu àwọn tí iná ń kú mọ́ lórí ló ti jáde, àwọn ìwé ìròyìn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ròyìn gbà á lò, àwọn olóṣèlú náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mú nítorí pé àléébù ló sọ lórúkọ. Kò dárúkọ ìdídò Akosombo, kò dárúkọ gáàsì tàbí ẹ̀rọ kankan. Ohun tí ojú ń rí ló sọ, gbogbo ìlú sì mọ ohun tí wọ́n jọ ń bá jà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rò pé ó yẹ ká ṣe sí iṣẹ́ orin tí àwọn ọmọ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú yàrá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ sọ iṣẹ́ yìí di Yorùbá ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ẹ̀rọ: wọ́n á ṣí FL Studio tàbí Audacity, wọ́n á máa túmọ̀ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn kì í bá a débì kan. Ẹni tó mọ ‘mixer’ ti mọ̀ ọ́n ní ‘mixer’, kò sì wá ẹni tó máa tún un pè fún un. Ìgbà tí orin bá bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń wọ́n, tí olórin ò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ fún ẹni tó máa bá a tún un ṣe. Ibẹ̀ ni Yorùbá ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Accra tó ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tí à ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti fìdí múlẹ̀ ní Ghana tipẹ́ kí ìjọba Busia tó pàṣẹ lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ lọ, àwọn kan kù, àwọn mìíràn padà wá. Orin ní tiẹ̀ kò dẹ́kun àtilọ àtibọ̀: E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ Tempos gbé highlife wá sí Èkó láàárín ọdún 1950 sí 1960, Accra sì ni Fẹlá wà lọ́dún 1968 nígbà tó sọ orin rẹ̀ ní afrobeat. Lónìí, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ fi yàrá rẹ̀ ṣe sítúdíò ní New Town tàbí Mamobi á lọ sí Tip Toe Lane ní Circle, á ra láptọ́ọ̀pù àlòkù àti máìkì níbẹ̀. (Orúkọ ilé ijó highlife kan ló mọ́ ọ̀nà yẹn lára. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí.) Á sọ Yorùbá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Twi tàbí Ga pẹ̀lú ẹni tó bá a ṣe bíìtì, Hausa pẹ̀lú ará ilé. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rọ̀ lẹ́nu kò ní pẹ́ já bọ́ láàárín èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1935 ni rédíò onáwáyà bẹ̀rẹ̀ ní Accra, tí wọ́n ń pè ní Station ZOY. Kí ọdún náà tó parí, irú rẹ̀ ti dé Èkó. Àwọn tó ń sọ Twi pe rédíò ní akasanoma, ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀. Àwa pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Èdè méjèèjì ò ṣí àpótí náà wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Tiwa wù mí jù, nítorí pé ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀: nǹkan yìí ń bá wa sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ tiwa. Síbẹ̀, wọn ò ní ká má yá ọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984, àyálò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi Yorùbá hun, kò sì sí èyí tó ń ti èkejì jáde. Nítorí náà, máìkì, bàásì, spíkà, fáìlì: n kò ní ìjà kankan bá wọn jà.

Míìsì (‘mix’) náà ò ní kúrò nílẹ̀. Appietus, tó ṣe ọ̀pọ̀ orin hiplife, ti fi ọ̀rọ̀ náà há orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ orin débi pé ọmọdé Accra mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Yorùbá pé kí ni ẹni tó ń míìsì ń ṣe gan-an, wọ́n á ní ó ń po ohùn pọ̀. Mi ò gbà. Mr Eazi, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní Kumasi, fi banku, oúnjẹ Ghana tí wọ́n ń pò, sọ irú orin rẹ̀ lórúkọ, torí pé ó po Ghana pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀yà orin ló ń sọ. Nídìí míìsì, ẹni tó bá pò ó ti bà á jẹ́. ‘Lú’ tún burú jù, torí pé ohun tó ti ní màgòmágó nínú là ń pè ní àdàlù. Ẹ wo àwọn onídùndún: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti ìṣáájú dúró sí ipò wọn, gúdúgúdú ń ta, etí sì ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tò ó ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe iṣẹ́ náà ní ìtohùn. Olórin á wá lè sọ pé, “Ẹ ò tò ó dáadáa, ìlù bo ohùn mi mọ́lẹ̀.” Gbólóhùn yẹn ti sọ ibi tí ẹ máa fọwọ́ kàn: ẹ rẹ ìlù sílẹ̀ níbi tí ohùn bá ti wọlé, ẹ má kàn gbé ohùn sókè.

“Bọ̀ọ̀dá, ohùn mi ń ya.” Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lórí fóònù nìyí. Ọ̀rọ̀ gidi ni ‘ya’, àmọ́ àléébù méjì ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bébà inú spíkà lè ya lóòótọ́, kó máa han. Èkejì ò kan spíkà rárá. Ohùn inú kọ̀ǹpútà ní àjà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, òdo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni; ohun tó bá yọrí kọjá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ẹ̀rọ á gé e pẹrẹsẹ. Ìyẹn ò ya o, ó gé lórí. Ẹ gbé orin náà sórí fóònù mìíràn tàbí ẹ fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ sétí. Bí hínhan náà bá dúró sẹ́yìn, spíkà ló ya. Bó bá tẹ̀ lé orin lọ, orin ló gé lórí. Ẹ wá bi í pé níbo ló ti gé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ ni, tí ẹ ti ṣí máìkì jù, kò sí àtúnṣe tó máa mú un padà bọ̀ sípò pátápátá. Ẹ tún un kọ. Bó bá jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ni, ẹ fa másítà wálẹ̀, ó parí. Inú ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ software òde òní ń fi 32-bit ṣe ìṣirò tó fàyè sílẹ̀, ìyẹn ni pupa tó ń yọ lórí ọ̀nà ohùn kan kì í fi í sábà ṣe nǹkan kan títí ohùn fi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 1 sílẹ̀ lábẹ́ àjà. Ẹni tó sì ń ti másítà sókè kí orin rẹ̀ lè ké ju ti ẹlòmíràn lọ ń ṣiṣẹ́ àṣedànù, torí pé Spotify á fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí −14 LUFS lórí òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń ké tó.

Ibi tí mo ti rí wàhálà gidi ni ọ̀rọ̀ fún bàásì, àárín àti tírẹ́bù. Ẹni tó bá yára á ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. Kò ṣeé ṣe. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ mẹ́ta yẹn ti di ti dò, re, mí, ti àmì orí ọ̀rọ̀. Bí akọrin Yorùbá bá ní “ohùn ìsàlẹ̀ mi ti sọnù,” ṣé bàásì ló ń wá ni àbí dò ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì, mo ṣì máa dé orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ‘ohùn’ sílẹ̀ fún ènìyàn àti fún àmì, ká lo ‘ìró’ níhìn-ín. Yorùbá ti ń sọ pé ohùn ẹnì kan tínrín, pé ti ẹlòmíràn nípọn. Ìró nínípọn, ìró àárín, ìró tínrín: kò sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀.

Bí ìró bá gbára jọ jù láàárín hertz 200 sí 500, níbi tí gìtá, dùùrù, ìlù àti àyà akọrin ti ń fún ara wọn, orin á rú. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún omi ni, ó sì bá a mu dé gbòǹgbò, torí pé ó ti fi àtúnṣe hàn: omi tó rú kì í fẹ́ àfikún, ó fẹ́ kí nǹkan fìdí tì nísàlẹ̀ kó lè tòrò. Nítorí náà, ẹ yọ díẹ̀ kúrò lára gìtá, ẹ yọ díẹ̀ lára dùùrù, ẹ má fi tírẹ́bù kún un. Orin á tòrò.

“Ohùn mi ń pẹ́ dé” tún ni ẹ̀sùn mìíràn: akọrin ń kọ ọ́, létí rẹ̀ ló wá ń gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ máa ń wọn ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn ìwọ̀n wọ̀nyẹn kì í sì í dá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bíi bọ́ọ̀sì trotro ní Circle ni, kò ní gbéra àfi tó bá kún. Bí ìjókòó inú ọkọ̀ bá jẹ́ 512, ìdúró náà á tó nǹkan bí 12 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá jẹ́ 128, bíi 3 ni. Àlọ àti àbọ̀ sì ni, kò tíì kan ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ibi ìdúró yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘buffer’, ni mo ń pè ní ibùdó, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe ibi tí ọkọ̀ ti ń kérò ní ibùdókọ̀. Ẹ dín ibùdó kù nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn. Ẹ fẹ̀ ẹ́ nígbà ìtohùn, nítorí pé ọkọ̀ kékeré ń rìnrìn àjò púpọ̀ jù, kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ ò tó á rẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpàpà.

Orin tó bá tò tán, ẹ óò mú un jáde. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ gbé e jáde. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó gbé orin jáde ti fi í lé aráàlú lọ́wọ́. Ẹ yọ ọ́. Fáìlì iṣẹ́ yàtọ̀ sí orin yíyọ: ìlànà ló pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́, pé kí ẹ̀rọ lọ mú ohùn báyìí níbi báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹ fi í ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp kò fi lè gbọ́ nǹkan kan. Bí orin yíyọ bá ku ohùn kan ṣoṣo, ẹ wo bóyá ‘dá a dún’ (solo) ló ṣì wà lórí ọ̀nà kan. Bí ohùn kan ló sọnù, ‘pa á lẹ́nu mọ́’ (mute) ni. Bí gbohùngbohùn ìparí bá já lójijì, orin gé nírù: ẹ sọ fún ẹ̀rọ kó dúró de ìyókù ìró. Bó bá sì ń sáré tí ohùn ga sókè, ìwọ̀n 44,100 ni ẹnì kan ń kà bíi 48,000. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta á di ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 45.

Àléébù kan ṣẹ́ kù tó jẹ́ pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ò ní orúkọ fún un, àfi ká fún un lórúkọ fúnra wa. Ọdún 1997 ni Auto-Tune jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Andy Hildebrand, tó ti fi ìmọ̀ ìró ṣiṣẹ́ nídìí wíwá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó fa ohùn tó yà sórí nótì tó sún mọ́ ọn jù, kò sì mọ̀ pé ohùn Yorùbá lè máa yọ̀ látorí nótì kan sórí òmíràn nítorí ìtumọ̀. Ẹ mú akọrin tó ní òun ń sun rárà. Láàárín sílébù kejì, ohùn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ iyára ìfà di kánkán jù, ẹ̀rọ lè gba sísọ̀ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, kó dè é mọ́ nótì òkè, etí á gbọ́ ‘rárá’. Ohun tó fi ń yin ènìyàn ti di ìkọ̀. Kò gé lórí, kò rú, kò pẹ́ dé, iná pupa kankan ò sì tàn. Mo ń pè é ní àṣìfà, gẹ́gẹ́ bí àṣìsọ àti àṣìgbọ́. Bí akọrin bá ti lè sọ pé àṣìfà wà ní ìlà kejì, lórí rárà, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á mọ ibi tó ń lọ: á dẹ iyára ìfà sílẹ̀ níbẹ̀ tàbí kó pa á pátápátá lórí sílébù yẹn, á jẹ́ kí ohùn sọ̀ bó ṣe sọ̀ nígbà tí wọ́n gbà á, á sì tún orin náà yọ.