Ọkàn Tó Dúró Sójú Kan: Láti Mysore dé Àgbàlá Wa ní Adewui

Ìbéèrè kan ni ó bí àròkọ yìí. Ní àgbàlá tí àwa olùkọ́ mélòó kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti máa ń pàdé ní Adewui ní òwúrọ̀ Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe yoga kí a tó ṣí ìwé. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BAC kò lè ka ojú ewé kan tán kí ọkàn wọn tó ṣí lọ síbòmíràn. Bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Atakpamé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò wá títí, wọ́n wá ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ̀sìn nìyí, àbí eré ìdárayá?" A kò rí èsì gidi fún wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn òbí kan sì ti ń sọ pé àwọn yóò yọ ọmọ àwọn kúrò. Ni a bá lọ wo ìtàn.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ oníyoga kà sí ìpìlẹ̀ ni Yoga Sutra, tí wọ́n ní Patanjali ni ó kọ ọ́ ní èdè Sanskrit, ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn kéékèèké tí kò tó 200 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tó yà wá lẹ́nu: mẹ́ta péré nínú wọn ni ó sọ nípa bí a ṣe ń jókòó. Ìwà, èémí, àti bí ènìyàn ṣe lè so ọkàn rẹ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo wà lára ohun tí ìyókù dá lé lórí. Ìpele mẹ́jọ ni ìwé náà là sílẹ̀. Ìjókòó ni ìkẹta, gbígbé ọkàn lé ohun kan, tí wọ́n ń pè ní dharana, sì ni ìkẹfà. Swami Vivekananda, tó sọ̀rọ̀ níwájú àpéjọ àwọn ẹlẹ́sìn ní Chicago ní 1893, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka nínà ara sí.

Nínà ara tí a ń rí lónìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1933, Krishnamacharya bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ààfin ọba Mysore, ní ìgbà tí eré ìdárayá àwọn ará Yúróòpù ti wọ ilé-ìwé àti àgọ́ ọmọ ogun ní Íńdíà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Iyengar, tó pàdé Menuhin onífayolíìnì ní 1952, tó sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1966. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká. Ní Oṣù Kejìlá 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya 21 Oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un. Nítorí náà, bàbá kò ṣì í béèrè: ìkónìjánu ọkàn ló dàgbà jù nínú rẹ̀, eré ìdárayá sì ni àbúrò.

Ohun kan tún wà tí a ń pè ní sankalpa. Ní Íńdíà, kí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ ètùtù, yóò dá orúkọ ara rẹ̀, yóò sọ ọjọ́ àti ibi tó wà, yóò sì sọ ohun tó wá ṣe. Nígbà tí a sọ èyí fún bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó bá wá dá Ifá kì í sọ̀rọ̀ sí owó ni?"

Òótọ́ ni. Ẹni tó tọ babaláwo lọ kì í kọ́kọ́ ro ẹjọ́. Yóò mú owó kékeré kan, yóò sọ ohun tó bá a wá sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, yóò sì gbé e sílẹ̀. Babaláwo kò gbọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ sí owó náà. Ó di dandan kí ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ sọ ọ́ yékéyéké.

Babaláwo pẹ̀lú ní iṣẹ́ ọkàn tirẹ̀. Ikin mẹ́rìndínlógún ni yóò kó sí ọwọ́ òsì, yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ilà méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀ròsùn. Bí ó bá ṣẹ́ ku méjì, ilà kan ni. Bí kò bá ṣẹ́ ku rárá, tàbí tí ó ju méjì lọ, asán ni, yóò tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù tó jáde. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fò lọ ní ìgbà karùn-ún kò lè mọ ibi tó dé. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù náà, ọ̀kan nínú 256, yóò máa tẹnu rẹ̀ jáde. Ọdún púpọ̀ ni ọmọ awo fi ń kọ́ èyí lẹ́sẹ̀ ọ̀gá.

Ìmọ̀ yìí kò dúró ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní Fa, àwọn Ewe tó yí wa ká ní Lomé ń pè é ní Afa, a sì ṣì ń gbọ́ Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí nínú Gbe, Yeku, Woli àti Di tiwọn. Bernard Maupoil, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé ní Dahomey, jókòó ti Gedegbe, arúgbó tó ti dá Fa fún ọba Béhanzin, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1943. UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn ní 2005. Yoga dé inú ìwé orúkọ wọn ní 2016.

A kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Babacar Khane, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó kọ́ni ní yoga ní Faransé, so ó pọ̀ mọ́ Íjíbítì àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ara ògiri nìkan kò tó ẹ̀rí lójú tiwa. Ohun tó dùn wá ni pé àwa olùkọ́ fúnra wa ti fi àkọ́sórí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, a kò sì fi ohunkóhun rọ́pò ìfarabalẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá wá jẹ́wọ́ pé babaláwo ni bàbá tiwọn ní Atakpamé. Ọdún méjì ni àwọn fi kọ́ ọ kí àwọn tó sá lọ sí ilé-ìwé. A ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá fi gbígbá ikin han àwọn ọmọ ní Sátidé kan, láìbọ nǹkan kan, kí àwọn òbí wá jókòó wò ó pẹ̀lú. Wọn kò tíì dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti béèrè pé aago mélòó ni a máa ń bẹ̀rẹ̀.