Èdè Jámánì àti Ilẹ̀kùn Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama ń béèrè bóyá ó yẹ kí àwọn kọ́ èdè Jámánì, kí àwọn lè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ náà. Àwọn òbí kan a sì máa dáhùn pé, Kí ni ó pa àwa àti Jámánì pọ̀? Ìdáhùn àwọn òbí yìí ni èmi yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé díẹ̀ nínú àwọn tí ó mú ìwé wá sọ́dọ̀ wa.

Ní oṣù Kínní ọdún 1845, Henry Townsend, Samuel Crowther àti Charles Andrew Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Gollmer kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Württemberg ni, ní gúúsù Jámánì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni David Hinderer, ẹni tí a bí ní Schorndorf, tí ó fi ìpìlẹ̀ ìjọ lélẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1853. Ní àkókò náà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ jẹ́ ìpè Afíríkà kò pọ̀, nítorí náà ni ẹgbẹ́ C.M.S. fi ń mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ti kọ́ ní Basel. Ṣùgbọ́n kí a tó rán wọn, wọ́n ní láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó wá jókòó ti Yorùbá. Àwọn ará Jámánì ni a kọ́kọ́ béèrè èdè àjèjì lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe àwa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Berlin, Karl Richard Lepsius, ni ó ṣe ìlànà bí a ó ti fi lẹ́tà kan náà kọ gbogbo èdè ayé, C.M.S. sì gbà á. Ọdún 1855 ni ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò sọ pé òun ni ó fún wa ní ìwé kíkọ. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti ọdún 1843, àwọn tí ó sì péjọ ní Èkó ní ọdún 1875 láti ṣe ètò bí a ó ti máa kọ èdè wa ní ọgbọ́n tiwọn. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Ará Jámánì sì ni G. F. Bühler, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta nígbà tí Samuel Johnson wọ ibẹ̀ ní ọdún 1863. Johnson yìí náà ni ó parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1897, èyí tí a kò tẹ̀ títí di ọdún 1921.

Ní ti ẹ̀bá ọ̀sà tiwa, òwò ni ó ṣáájú. Ní àkókò tí Kòsọ́kọ́ fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùjókòó, láti ọdún 1851 títí di 1862, àwọn oníṣòwò Hamburg ti ń fi ọkọ̀ kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó, a sì ń fi owó ẹyọ ra epo ní àwọn ọjà ẹ̀bá ọ̀sà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, ogun jà ní Ìkòròdú, Gómìnà Glover sì rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Glover kan náà rán Kápútéènì Maxwell gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn, láti mú Anna, aya Hinderer, jáde. Ogun ti sé ọ̀nà mọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ láti bí ọdún márùn-ún.

Ní ọdún 1885 ẹ̀wẹ̀, ilé òwò Gaiser ti Hamburg bá Amapetu ti Mahin dá májẹ̀mú lórí ilẹ̀ etí òkun, ní ìlà oòrùn Ẹ̀pẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Jámánì sì jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà ní ọdún yẹn gan-an. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó mọ èdè tí àwọn ará Mahin ìbá fi ṣe ìdánwò?

Ẹ wo ohun tí ó dé bá àwọn ìbátan wa ní Togo. Jámánì gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1884, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Atakpamé sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1905, ìjọba pàṣẹ pé, yàtọ̀ sí èdè ilẹ̀ náà, Jámánì nìkan ni a ó máa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kọ́ ọ, wọ́n fi di akọ̀wé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ará Jámánì túúbá ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà, ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ èdè kan sì rí i pé èdè mìíràn ni ọ́fíìsì ń béèrè. Èyí dun èmi ju gbogbo ìyókù ìtàn náà lọ, nítorí pé àwọn ọmọ náà kò ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti òní yàtọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń fi àṣẹ kọ́ ọmọ wa. Ìwé ẹ̀rí WAEC nìkan kò sábà tó láti fi wọ yunifásítì Jámánì. Ọmọ náà lè kọ́kọ́ ṣe yunifásítì díẹ̀ nílé, tàbí kí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Studienkolleg, fún bí ọdún kan, kí ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Kí ó tó wọ ibẹ̀, yóò ti gbọ́ èdè náà dé ipele B1 tàbí B2. Kí ó sì tó wọ yunifásítì tí ó ń fi èdè Jámánì kọ́ni, ìdánwò èdè mìíràn tún wà, bí TestDaF tàbí DSH. Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n fún ìwé ẹ̀rí gíga kejì ni wọ́n pọ̀ jù sí. Goethe-Institut ti wà ní Èkó láti ọdún 1962, ibẹ̀ ni ọmọ ti lè kọ́ èdè náà kí ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe ta ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ kí ọmọ tó gba B1. Ìwé ẹ̀rí èdè ni kí ó ṣáájú. Bí kò bá yege, ilẹ̀ yín ṣì wà.

Ẹ má sì ṣe gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2017 ni ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ti ń gba 1,500 euro ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ìpínlẹ̀ yìí ni Schorndorf wà, níbi tí a ti bí Hinderer.