Ìmìtìtì ilẹ̀ ní Ṣakí

Ní ọdún 2016, ilẹ̀ mì ní Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò le rárá, ṣùgbọ́n ó tó láti já àwọn èèyàn láyà. Orí àpáta àtayébáyé ni agbègbè náà wà, ó jìnnà sí ibi tí àwọn awẹ́ ilẹ̀ ayé ti ń forí gbárí. Síbẹ̀, àpáta yìí ní ojú ibi tó ti sán tipẹ́, ibẹ̀ ni agbára tó bá kó jọ ti máa ń jáde. Irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ wáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2009, tí wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà àti ní Benin.

Bí èyí tó le bá ṣẹlẹ̀, Accra, olú ìlú Ghana, ni ká fi wò ó. Ìmìtìtì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1939, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 6.4, pa ó kéré tán èèyàn 16 níbẹ̀. Ilé amọ̀ ló fara gbá a jù. Ìjọba kọ́ ilé tuntun fún àwọn tí kò nílé mọ́, ní Kaneshie, Mamprobi àti Korle Gonno. Àdúgbò ńlá ni wọ́n di lónìí.

Ọ̀rọ̀ ilé amọ̀ yìí kan Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, tí òun náà wà ní Òkè-Ògùn, gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú: sìmẹ́ǹtì náà ń bo ojú sísán, kò so ògiri pọ̀. Nítorí pé ìmìtìtì lè ba ìdídò odò náà jẹ́, ó tún yẹ kí ìjọba máa fi ojú méjèèjì ṣọ́ ìdídò (dam) Ìkéré, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn.