Dígírì 45 Kò Tó fún Ìrókò

Bí káfíńtà kan ní Okokomaiko tàbí lágbègbè Alaba Rago l'Ékòó bá gbé pákó ìrókò sórí tábìlì, tó fi ìfági onírin fá a, apá kan á dán, apá kejì á ya. Bó bá yí pákó náà padà, èyí tó dán tẹ́lẹ̀ ni yóò ya. Iṣan ìrókò kì í dorí kọ ọ̀nà kan. Bí ìpele kan ṣe dà sọ́tùn-ún ni èkejì ń dà sósì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gànwó.

Wọ́n á ní abẹ ni kò mú. Lóòótọ́, ìrókò a máa ní òkúta nínú, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí abẹ tètè kú. Ṣùgbọ́n abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n pàápàá ń ya á. Igun tí abẹ náà fi sùn nínú ìfági lọ̀rọ̀ wà.

Nínú ìfági onírin, dígírì 45 ni. Ilé-iṣẹ́ Stanley ní Amẹ́ríkà ra iṣẹ́ ìfági Leonard Bailey ní 1869, irú ìfági tirẹ̀ ló sì gbayé kan. Igun yẹn bá igi rírọ̀ bíi páìnì mu.

Àwọn tó ń fi igi gbẹ́ ìfági kò dúró síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gé àyè abẹ sí 45, 50, 55 tàbí 60, bí igi bá ṣe le sí. Joseph Moxon, tí ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1678, fi 45 sílẹ̀ fún igi rírọ̀, ó sì fún ẹ́bónì àti irú rẹ̀ ní 80; ó ní nígbà míì abẹ á tilẹ̀ nàró ṣánṣán, pé híhọ ni wọ́n ń họ irú igi bẹ́ẹ̀ ju fífá lọ. Ó ṣeni láàánú pé ìmọ̀ yìí kì í bá ìfági onírin dé ọjà.

Abẹ tó dẹ̀gbẹ́ máa ń wọ abẹ́ iṣan, á gbé e sókè, igi á sì là kí ẹnu abẹ tó débẹ̀. Èyí tó nàró ń tì í síwájú títí yóò fi ṣẹ́ lẹ́nu abẹ gan-an. Ó ń gba agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, abẹ sì ń yára kú.

Ẹni tó ní ìfági onírin kò ní láti jù ú nù: kó pọ́n ẹ̀yìn abẹ tó tẹ́jú ní dígírì 10 péré, lẹ́nu nìkan, 45 ti di 55. Ẹni tó ń gbẹ́ tirẹ̀ lè gé e sí 55 tàbí 60, kó jẹ́ kí ẹnu ìfági há, kó sì rí i pé ibi tí abẹ fara tì tẹ́jú dáadáa, torí abẹ tó ń gbọ̀n yóò ya igi ní igun yòówù.