Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọ Kọ̀ǹpútà Ilé Láti Òkèèrè

Wíwọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ni pé kí ènìyàn jókòó síbì kan, kí ó máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn bí ẹni pé iwájú rẹ̀ ló wà. Àtiwọlé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro rí. Ohun tó gba àádọ́ta ọdún ni bí onílé nìkan yóò ṣe rọ́nà wọlé, tí ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà kò ní rí nǹkan kan mú.

ARPANET àti Telnet

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969, Charley Kline, akẹ́kọ̀ọ́ ní UCLA ní ìlú Los Angeles, fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà kan tó wà ní ilé ìwádìí Stanford ní Menlo Park. Bill Duvall wà nídìí kọ̀ǹpútà tọ̀hún, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kline bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ «LOGIN». L dé, O dé. Nígbà tó kan G, kọ̀ǹpútà tọ̀hún dákú. Ó tó nǹkan bí wákàtí kan kí wọ́n tó rí i ṣe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán gba orí ARPANET, baba íntánẹ́ẹ̀tì, nìyẹn.

Telnet ni ọ̀nà ìwọlé tó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìlànà rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ jáde ní 1983, pọ́ọ̀tù 23, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé, sì ni ti rẹ̀. Gbangba ló ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ kọjá, títí kan pásíwọ́ọ̀dù, nítorí pé àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí tó wà lórí ẹ̀rọ nígbà náà mọ ara wọn. Ọdún yẹn kan náà ni rlogin àti rsh, ọ̀nà ìwọlé méjì mìíràn, jáde láti Yunifásítì Berkeley. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ti fọkàn tán èkejì, ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá kò nílò pásíwọ́ọ̀dù mọ́. Ìfọkàntán yìí wà lára ohun tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Morris gùn lé ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, tó fi ran ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà.

Helsinki, 1995

Ní oṣù kejì ọdún 1994, CERT tó ń rí sí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn ọlọ́ṣà ti ń lúgọ sórí nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n sì ti jí ẹgbẹẹgbàárùn-ún pásíwọ́ọ̀dù kó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó kan Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki, ní Finland. Tatu Ylönen, olùwádìí níbẹ̀, kọ SSH, ètò ìwọlé tí kì í gbé ọ̀rọ̀ kọjá ní gbangba, ó sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ ní oṣù keje. Ó kọ̀wé sí IANA, àjọ tó ń pín nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, pé 22 ni òun ń fẹ́. Ó bọ́ sáàárín 21 tí í ṣe ti FTP tó ń gbé fáìlì àti 23 tí í ṣe ti Telnet, àwọn méjèèjì tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fún un. Kí ọdún náà tó parí, nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 50 ló ti ń lò ó.

Ìmọ̀ tó gbé SSH ró ti wà láti 1976, nígbà tí Whitfield Diffie àti Martin Hellman fi hàn pé ẹni méjì tí kò pàdé rí lè fi àṣírí kan lélẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tó ń gbọ́ wọn má sì mọ̀ ọ́n. Àṣírí yẹn ni kọ̀ǹpútà méjèèjì fi ń sọ ọ̀rọ̀ wọn di àdììtú. Dípò pásíwọ́ọ̀dù, ènìyàn lè fi àṣẹ ssh-keygen ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì. Ti gbangba yóò wọ inú fáìlì authorized_keys lórí kọ̀ǹpútà ilé. Ti ìkọ̀kọ̀ kò ní kúrò lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ti gbangba dà bí àgádágodo: ẹni tó rí i kò tíì rí ilé wọ̀.

Nígbà tó yá, Ylönen dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, àṣẹ lílo SSH sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà kan, padà sídìí ẹ̀dà àtijọ́ tó ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé OpenSSH jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1999. Òun ló wà nínú Linux, macOS àti Windows lónìí.

Ògiri ráútà

Ilé ní wàhálà tirẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì IPv4, nọ́ńbà tí a fi ń mọ ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì lè kárí. Ní 1994 ni ìlànà NAT jáde, èyí tí ráútà fi ń jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé pín àdírẹ́ẹ̀sì kan lò. Ẹ̀rọ inú ilé lè jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò lè wọlé àfi bí onílé bá ṣí pọ́ọ̀tù lára ráútà. Ẹni tó bá ṣí 22 sílẹ̀ báyìí, kí ó wo àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Yóò bá «Failed password for root» ní ìlà lórí ìlà, láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí kò mọ̀ rí tí wọ́n ń dán pásíwọ́ọ̀dù wò.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà Mirai ṣe ní 2016, orí Telnet àtijọ́ ló sì ti ṣe é. Nǹkan bí 60 orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti fi sínú kámẹ́rà àti ráútà láti ilé-iṣẹ́ ló fi gba ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ yẹn kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, tó ń júwe ọ̀nà dé àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì. Twitter àti Netflix kò sì ṣe é wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà.

VPN

VPN kì í ṣí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ilé ló ń nà dé ọ̀dọ̀ onílé. Ọ̀kan lára wọn, PPTP ti Microsoft, gbajúmọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n Bruce Schneier àti Mudge ti tú àìlera rẹ̀ fó ní 1998. James Yonan ń rìnrìn àjò ní àáríngbùngbùn Éṣíà, ó sì ń ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì tí kò fọkàn tán. Ìyẹn ló sún un dé ìdí OpenVPN ní 2001. Lẹ́yìn rẹ̀ ni WireGuard ti Jason Donenfeld, tí kò ju nǹkan bí 4,000 ìlà lọ, tó wọ Linux ní oṣù kẹta ọdún 2020. Bí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ bá kanlẹ̀kùn, WireGuard kì í dá a lóhùn rárá.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹlifóònù, bí irú èyí tó pọ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì kan, nítorí náà kò sí pọ́ọ̀tù tí onílé lè ṣí. Tailscale, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kánádà ní 2019, gbé ojútùú kan ka orí WireGuard: kọ̀ǹpútà ilé àti fóònù onílé yóò jùmọ̀ jáde síta, wọn yóò sì pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà ní London lè tipa bẹ́ẹ̀ wo kámẹ́rà ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn láìṣí pọ́ọ̀tù kankan.

Síbẹ̀, ewu lè gba ibòmíràn wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, rí i pé SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọ pinpin rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹnìkan ti fi pamọ́ sínú xz, ètò kékeré kan tí SSH ń bá pàdé lórí àwọn Linux kan. Kì í ṣe SSH fúnra rẹ̀ ló ní àléébù. Ìdí nìyí tí kọ́kọ́rọ́ tó dára àti pọ́ọ̀tù tí a tì nìkan kò fi tó: onílé ní láti máa mójú tó gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.