Ìtàn àwo Substance ti New Order, àti àṣìṣe tí mo ṣe

1/
Mo jẹ yín ní gbèsè kan. Lọ́jọ́ kan mo gbé orin Temptation ti New Order síbí, mo ní, "Ẹ gbọ́ bí àwọn ará Manchester ṣe ń jó ní 1982." Ọ̀pọ̀ yín bá mi pín in kiri. Ó ti wá hàn pé ohùn 1982 kọ́ ni mo fún yín. Ti 1987 ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.

2/
Inú àwo kan tó ń jẹ́ Substance ni mo ti mú orin yẹn. Factory Records ló gbé e jáde ní August 1987. Àwo àkójọ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó orin tó ti lókìkí jọ sójú kan. Orin 12 ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n tẹ̀léra láti 1981 dé 1987. Bí o bá gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wàá rò pé ìtàn gan-an lò ń gbọ́. Ìtàn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ibì kan kọ nínú rẹ̀.

3/
Kí New Order tó wà, Joy Division ló wà. Ian Curtis ń kọrin, Bernard Sumner ń ta gìtá, Peter Hook ń ta gìtá béèsì, Stephen Morris ń lùlù. Àìsàn wárápá ń bá Ian fínra, ọkàn rẹ̀ náà ò balẹ̀. Ní May 18, 1980, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni. Ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n gbéra lọ kọrin ní Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́.

4/
Nílé wa, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Bí àgbàlagbà bá kú, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó gbé olórin wá, a ó jó. Bí ọmọdé bá kú, òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Ta ló ń gbé ìlù sí i? Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tí àwọn mẹ́ta tó kù wá ṣe nìyẹn: wọ́n gbé ìlù sí òkú ọ̀fọ̀. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan o. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà wọ́n.

5/
Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá kúrò nínú wọn, àwọn ò ní lo orúkọ Joy Division mọ́. Wọ́n mú un ṣẹ. Wọ́n di New Order. Ta ni yóò wá máa kọrin? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dán an wò, kó tó wá bọ́ sọ́rùn Bernard. Nígbà tí 1980 ń parí lọ, Gillian Gilbert dara pọ̀ mọ́ wọn, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó sì ń ta gìtá.

6/
Orin àkọ́kọ́ lórí Substance ni Ceremony. Ian ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n ṣe é. Nígbà tí àwọn tó kù fẹ́ gbà á sílẹ̀, wọn ò rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ohùn Ian lórí téèpù nìkan ló kù, kò sì dún ketekete. Wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ yọ ohùn náà, kí wọ́n máa tẹ́tí, kí wọ́n máa méfò ibi tí kò yé wọn. Ẹ rò ó wò ná: o jókòó, ò ń tẹ́tí sí ọ̀rẹ́ rẹ tó ti kú, kí o lè mọ ohun tí wàá kọ.

7/
Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé Ceremony jáde ní 1981. Èyí tó jáde ní March, àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Nínú èyí tó jáde ní September, Gillian ti wà níbẹ̀. Èwo ló wà lórí Substance? Ìkejì. Ẹ máa bá mi kà á o: orin àkọ́kọ́ pàá, ẹ̀dà kejì la gbọ́.

8/
Orin kejì ni Everything's Gone Green, 1981 kan náà. Ẹ̀rọ ti ń bá Stephen lùlù níbẹ̀. Òun náà ni wọ́n bá Martin Hannett ṣe kẹ́yìn, ọkùnrin tó darí gbígba orin Joy Division sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń wá ọ̀nà tiwọn.

9/
Kí ló dé tí wọ́n fi nílò àkójọ? Torí nígbà yẹn, New Order kì í sábà fi orin tí wọ́n bá gbé jáde lọ́tọ̀ sínú álíbọ́ọ̀mù. Orí àwo oní-ínṣì 12 ni wọ́n ń kó o sí. Bí orin kan ṣoṣo bá wà lójú àwo tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àyè á gba ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Béèsì á wọlé dáadáa, orin á gùn, díjéè á sì rí nǹkan lò. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó ni wọ́n ṣe é fún.

10/
Bí Blue Monday ṣe dé nìyẹn, ní March 1983. Ó lé ní ìṣẹ́jú 7. Kò sí àwo oní-ínṣì 12 tó tà tó o. Gillian ló ń fi nóòtì orin náà sínú ẹ̀rọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra tó gùn bí yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ó wá fo nóòtì kan. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni orin inú kíbọ́ọ̀dù àti ìlù kò fi bára mu régé. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yẹn ni gbogbo ayé ń jó sí.

11/
Páálí àwo náà ńkọ́? Peter Saville ló yà á, ó jọ dísìkì kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́, kò sí orúkọ orin níwájú rẹ̀, àwọ̀ lásán ni wọ́n fi kọ ọ́ bí àrokò. Páálí yìí wọ́n débi pé àwọn ará Factory fúnra wọn máa ń sọ ọ́ kiri pé àwọn ń pàdánù lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Òwò kí nìyẹn?

12/
Lọ́dún kan náà, wọ́n lọ sí New York, wọ́n bá Arthur Baker ṣe Confusion. Baker yìí ló bá Afrika Bambaataa ṣe Planet Rock. Ní Manchester ńkọ́? Owó orin wọn ń wọ ilé ijó kan tó ń jẹ́ Haçienda, tí àwọn àti Factory ṣí ní May 1982. Owó ń wọlé láti ibi ijó, ó ń gba ibi ijó jáde.

13/
Ó di 1987. Orin ti wà káàkiri, ẹni tí kò bá ra àwo kọ̀ọ̀kan nígbà tó jáde, ó ti pàdánù. Tony Wilson, ọ̀gá Factory, ní ọkọ̀ Jaguar tó ní ẹ̀rọ síídì. Ó fẹ́ máa gbọ́ gbogbo àwọn orin yẹn nínú mọ́tò rẹ̀. Ìdí tí Substance fi wáyé nìyẹn o! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

14/
Ibi tí mo ti ṣubú rèé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àkójọ náà, wọ́n tún Temptation àti Confusion gbà sílẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ Ceremony: nínú orin 5 àkọ́kọ́, mẹ́ta kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ jáde. Àmọ́ ibi tọ́dún wọn wà ni wọ́n to wọ́n sí. Èmi náà rí 1982, mo gbà pé 1982 ni.

15/
Kí ló wá sọnù? Nínú Temptation ti 1982 orí àwo oní-ínṣì 12, Bernard lọgun lójijì. Wọ́n ki ìṣù yìnyín bọ inú ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó ti ń kọrin! Igbe yẹn kò sí nínú ti 1987. Èyí mọ́, ó dán, ó lágbára. Wọ́n ti mọ iṣẹ́ sí i.

16/
Mi ò bá wọn jà. Orin wọn ni. Ṣùgbọ́n igbe yẹn ló dùn mí jù. Ọdún méjì péré lẹ́yìn òkú ọ̀fọ̀, àwọn ọmọ yìí ti ń fi yìnyín bá ara wọn ṣeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo dúró, mo tún un gbọ́. Ẹ̀rín ti ń padà bọ̀ nílé ọ̀fọ̀. Èyí ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ̀dà tí wọ́n ti nù ún kúrò ni mo sì gbé lé yín lọ́wọ́.

17/
Láàárín kan, Thieves Like Us, The Perfect Kiss, Sub-culture, Shellshock, State of the Nation, Bizarre Love Triangle. Ìkẹyìn ni True Faith, orin tuntun tí wọ́n ṣe nígbà àkójọ náà. Ó dé ipò 4 ní Britain, Substance fúnra rẹ̀ dé ipò 3. Ẹ gbọ́ Ceremony, kí ẹ fo gbogbo rẹ̀, kí ẹ gbọ́ True Faith. Ẹ ó mọ bí ọdún 6 ṣe jìn tó.

18/
Factory wó ní 1992. Haçienda tì í pa ní 1997. Substance ò lọ síbì kan, wọ́n tún un gbé jáde ní 2023. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ New Order, èmi náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ohun tó ń ṣe.

19/
Àwo àkójọ dà bí arọ́kìn. Arọ́kìn kì í purọ́ dandan. Ó ń pa ìtàn mọ́, òun náà ló sì ń yan èyí tí etí máa gbọ́. Bí o bá ń gbọ́ àkójọ olórin èyíkéyìí, béèrè: ẹ̀dà wo nìyí? Ọdún wo ni wọ́n gbà á? Kí ni wọ́n nù kúrò?

20/
Ó yá o. Mo ti pa ti ìjọ́sí rẹ́. Ẹ lọ wá Temptation ti 1982, ẹ̀dà orí àwo oní-ínṣì 12, kí ẹ tẹ́tí sí igbe yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kó wá sọ fún mi nísàlẹ̀ ibí. Bí mo bá sì tún ṣì í sọ níbì kankan lókè yìí, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ tún mi ṣe.