Ìran tí Bàbá Aládùúrà kò lè sẹ́: Orímọ́ládé, Abíọ́dún àti ìpínyà ọdún 1929

Bí ẹnì kan bá ń bá olórí ẹ̀sìn du ipò, ohun tó sábà máa ń yá olórí lára ni kó ní ẹ̀mí èké ló ń lo onítọ̀hún. Mósè Orímọ́ládé Túnọláṣe kò lè gba ọ̀nà yìí nínú Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ìdí ìpínyà òun àti Abíọ́dún wà.

Ní oṣù Òkúdù 1925, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ wòran ọdún àwọn Àgùdà l'Ékòó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀mí gbé e lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Orímọ́ládé, ará Ìkàrẹ́ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Aládùúrà. Ó gbàdúrà, ọmọ jí, ó sì ń ròyìn ohun tó rí. Àwọn tó ń rọ́ wá gbọ́ ìròyìn yẹn ló di ẹgbẹ́. Bàbá ló ni àdúrà, ọmọ ló ni ìran. Bí bàbá bá wá sọ pé ìran ọmọ kò ti ọ̀run wá, ìpìlẹ̀ ilé ara rẹ̀ ló ń hú.

Ìrìn àjò ìhìnrere ọdún 1927 sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti àwọn ìlú òkè mìíràn mú kí òkìkí Abíọ́dún, tí wọ́n ń pè ní Captain, kàn. Ta wá ni olùdásílẹ̀? Ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò kò lórí èyí mọ́. Ní 1929, Orímọ́ládé kọ lẹ́tà sí Abíọ́dún pé kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìhà méjèèjì ṣì ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń ríran. Orúkọ àti ipò ni wọ́n pín. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kò yà wọ́n.

Àwọn kan ní torí pé Abíọ́dún jẹ́ obìnrin, tó sì kéré lọ́jọ́ orí, ni. Èmi náà kò fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn, nítorí ẹni tí àgbà rí bí ọmọ kì í tètè di ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kò tó ṣàlàyé ohun tó tẹ̀lé e. Ní nǹkan bí 1930, Ezekiel Davies, ọkùnrin, kó Ẹgbẹ́ Aládùúrà, apá kan nínú ẹgbẹ́ náà, jáde lọ́dọ̀ Orímọ́ládé bákan náà.

Mo ka lẹ́tà ọdún 1929 yẹn sí ìwà pẹ̀lẹ́, torí ó yọ̀ǹda kí ẹlòmíràn máa sin Ọlọ́run láìjẹ́ pé wọ́n pè é ní èké. Ṣùgbọ́n ó ná ẹgbẹ́ ní ohun púpọ̀. Orímọ́ládé kú ní 1933. Abíọ́dún wà láyé títí di 1994, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń pín sí i. Àwọn tó ń lọ kò ní láti wá ẹ̀sùn àdámọ̀ kankan kí wọ́n tó lọ: Orímọ́ládé fúnra rẹ̀ ti fi lẹ́tà yẹn gbà pé èèyàn lè lọ, kó sì ṣì jẹ́ Kérúbù àti Séráfù.